Ṣé òótọ́ ni pé ẹni tó ń lé ohun tó wá ṣe láyé ló ń rí ayọ̀ tí kì í tètè ṣá?

Aṣàròjinlẹ̀ béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i, nítorí pé gbogbo ẹni tí mo ti bá sọ ọ́ lójúkojú ló ń sọ fún mi pé kí n máa dúpẹ́, kí n má ṣe ronú jù. Mo ń dúpẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdúpẹ́ náà kò dáhùn ìbéèrè mi.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, mo máa ń sọ fún ara mi pé bí mo bá ti gba ìwé ẹ̀rí tán, ọkàn mi yóò balẹ̀. Mo gbà á, mo ní ó di ìgbà tí mo bá ríṣẹ́. Mo ríṣẹ́, mo ní ó di ìgbà tí wọ́n bá gbé mi ga. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà ìgbéga náà dé, mo kà á látòkèdélẹ̀, mo tún padà kà á, mo fi ìka tọ ibi tí wọ́n kọ orúkọ ipò tuntun náà sí, mo sì pe àwọn òbí mi lórí fóònù kí n tó dìde lórí àga. Kí oṣù náà tó parí, lẹ́tà náà ti wà lábẹ́ àwọn fáìlì mìíràn nínú dúrọ́ọ̀ mi, bí mo sì ṣe máa ń jí láàárọ̀ kí ìgbéga tó dé náà ni mo tún ń jí. N kò ṣàìsàn, n kò jẹ gbèsè, àwọn ará ilé mi fẹ́ràn mi. Inú mi kò bàjẹ́. Ayọ̀ náà ni kì í dúró.

Àwọn ènìyàn máa ń wí pé kí ènìyàn wá ohun tí ó wá ṣe láyé rí, kí ó gbájú mọ́ ọn, pé ayọ̀ tí kì í ṣá yóò tẹ̀lé e. Ṣé òótọ́ ni, àbí ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán ni? Bí ó bá jẹ́ òótọ́, báwo ni ẹni tí kò gbọ́ ìpè kankan rí láti kékeré ṣe máa mọ ohun tí òun wá ṣe? Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí ó ti mọ̀ láti ìgbà ọmọdé pé dókítà ni òun máa jẹ́, ó sì di dókítà. Èmi kò ní irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀ nípa ohunkóhun. Èyí tó gbẹ̀yìn ló ń bà mí lẹ́rù jù: ṣé ó yẹ kí n fi iṣẹ́ tí mò ń ṣe sílẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ní òye nínú ọ̀rọ̀ yìí kó má fi dù mí.

Olùgbaniníyànjú dáhùn pé:

Aṣàròjinlẹ̀, ẹ ṣeun tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí síta. Iṣẹ́ mi ni láti máa jókòó ti àwọn tí ọkàn wọn kò balẹ̀, kí n gbọ́ tẹnu wọn, kí n sì gbà wọ́n níyànjú. Ohun tí ẹ sọ nípa lẹ́tà yẹn, mo ń gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àwọn tí gbogbo ayé ń kí kú oríire. Ẹ kò ya aláìmoore. Bí a ṣe dá ọkàn ènìyàn nìyẹn: ohun tó bá ti mọ́ ọn lára, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i mọ́.

Ní ọdún 1971, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, Philip Brickman àti Donald Campbell, ṣàlàyé pé bí ohun rere bá ṣẹlẹ̀ sí wa, inú wa a dùn, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí a óò fi gbé òṣùwọ̀n wa sókè, tí ohun tí a fi ń yọ̀ lánàá kò ní jọ wá lójú mọ́. Ní 1978, Brickman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì fi ọ̀rọ̀ wá àwọn 22 tó jẹ owó ńlá nínú tẹ́tẹ́ lọ́tìrì ìpínlẹ̀ Illinois lẹ́nu wò, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí kò jẹ nǹkan kan. Ayọ̀ àwọn tó jẹ owó kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, adùn tí wọ́n sì ń rí nínú nǹkan ojoojúmọ́, bíi kí wọ́n bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ tàbí kí wọ́n gbọ́ àwàdà, kéré sí ti àwọn tí kò jẹ.

Ṣùgbọ́n ó yẹ ká ṣọ́ra níbí, nítorí pé àwọn kan máa ń gbé ìwádìí yẹn dání láti fi wí pé owó kò wúlò fún ayọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe lórí àwọn tó ta tẹ́tẹ́ lọ́tìrì ní Sweden, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020, fi hàn pé àwọn tó jẹ owó ńlá ní ìtẹ́lọ́rùn sí i nípa ìgbésí ayé wọn lápapọ̀, ìtẹ́lọ́rùn náà sì wà fún ohun tó ju ọdún 10 lọ. Bí inú wọn ṣe ń dùn lójoojúmọ́ ni kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Ọ̀kan ni bí ara ṣe ń yá wa lónìí. Èkejì ni ohun tí à ń rí nígbà tí a bá bojú wẹ̀yìn wo bí ayé wa ṣe ń lọ. Lẹ́tà ìgbéga yín bọ́ sí ti àkọ́kọ́, ẹ sì ń bi í léèrè ohun tó jẹ́ pé ti èkejì nìkan ló lè fún yín.

Aristotle, amòye ará Gíríìsì tó kú ní ọdún 322 ṣáájú ìbí Jésù, ti sọ̀rọ̀ nípa èyí tipẹ́. Lójú tirẹ̀, ayọ̀ tòótọ́ kì í ṣe ìdùnnú tó ń sọ sí ènìyàn lára tó sì ń lọ. Iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi ìwà rere àti ẹ̀bùn rẹ̀ ṣe jálẹ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀ ni, nítorí náà a kò lè fi ọjọ́ kan ṣoṣo wọ̀n ọ́n. Lóde òní, nígbà tí Carol Ryff, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ń ṣàkójọ àwọn ohun tó ń mú kí ọkàn ènìyàn wà ní àlàáfíà ní 1989, níní ète nígbèésí ayé jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́fà tí ó dárúkọ. Patrick Hill àti Nicholas Turiano náà tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2014 pé nínú àwọn ará Amẹ́ríkà tó lé ní 6,000 tí wọ́n tọpa fún ọdún 14, àwọn tó sọ pé àwọn ní ète nígbèésí ayé kò kú tó àwọn tí kò ní in, yálà wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́ tàbí àgbà.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ tiyín jù nínú gbogbo àwọn tí mo ti kà nípa wọn ni John Stuart Mill, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti kékeré ni bàbá rẹ̀ ti ń kọ́ ọ kí ó lè wá tún ìlú ṣe. Ní 1826, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ 20 ọdún, ó bi ara rẹ̀ léèrè pé bí gbogbo àtúnṣe tí òun ń lépa bá ṣẹ lójú ẹsẹ̀, ṣé inú òun máa dùn gan-an? Ọkàn rẹ̀ dá a lóhùn pé rárá, ìrẹ̀wẹ̀sì sì gbé e dè fún ìgbà pípẹ́. Ẹ kíyè sí i pé Mill kò ṣaláìní ète, ète rẹ̀ sì dára. Bàbá rẹ̀ ló yàn án fún un kí ó tó lè yan nǹkan fúnra rẹ̀. Nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1873, ó kọ ọ́ pé àwọn tí ọkàn wọn wà lára nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí ayọ̀ ara wọn, bóyá ayọ̀ ẹlòmíràn tàbí iṣẹ́ kan tí wọ́n fẹ́ràn nítorí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ni ayọ̀ ń bá pàdé lójú ọ̀nà.

Ẹ̀rí òde òní gbè ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ní 2011, olùwádìí kan, Iris Mauss, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn kan ní ọ̀rọ̀ kà tó ń gbé pàtàkì ayọ̀ ga, lẹ́yìn náà wọ́n fi fíìmù tó ń múnú ẹni dùn hàn wọ́n. Inú wọn kò dùn tó ti àwọn tí kò ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé ó ń dùn wọ́n pé inú àwọn kò dùn tó bó ṣe yẹ.

Nítorí náà, èmi gbà pé òótọ́ ni ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ, pẹ̀lú ààlà kan tí wọn kì í sọ: bí ẹ bá di ète kan mú nítorí kí ayọ̀ lè wá, ayọ̀ náà lẹ ṣì ń lé. Ìbéèrè yín kejì, n óò fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Olùkọ́ Àgbà dáhùn pé:

Ọmọ mi, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ọ̀rọ̀ ìpè tí o sọ yẹn ló mú kí n jókòó láti kọ èyí. Ìwọ rò pé àwọn tó ń láyọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń ṣe ti gbọ́ ohùn kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan gbọ́ ọ, bíi ti ọ̀rẹ́ rẹ, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ tó bí a ṣe rò. Èmi kò gbọ́ nǹkan kan. Iṣẹ́ olùkọ́ ni iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ nígbà náà, mo gbà á.

Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tí kò lè kàwé, tí ó sì ti mọ bí a ṣe ń bò ó mọ́lẹ̀: bí ó bá kàn án láti kà, á ti há ohun tí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ kà sórí, á máa pè é jáde bí ẹni pé ojú rẹ̀ wà lára ìwé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí jókòó tì í lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti lọ. Mo máa ń fi bébà pélébé kan bo àwọn ìlà tó wà nísàlẹ̀, kí ojú rẹ̀ má baà ṣáko, a ó sì máa mú lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ kí nǹkan tó yí padà. Lọ́jọ́ kan ó gba bébà náà lọ́wọ́ mi, òun fúnra rẹ̀ sún un sísàlẹ̀, ó sì ka ìlà tó tẹ̀lé e kí n tó la ẹnu. Kò sí ọ̀gá níbẹ̀ tó máa yìn mí, owó oṣù mi kò sì fi kọ́bọ̀ lé, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ohun tí mò ń wá kiri nínú iṣẹ́ yẹn. Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ìpè tó dé, bí a bá fẹ́ pè é ní ìpè.

Ohun tí mo rí yìí, àwọn olùwádìí ti rí i pẹ̀lú. Paul O'Keefe, Carol Dweck àti Gregory Walton fi hàn ní 2018 pé àwọn tó gbà pé ohun tó wu ènìyàn ti wà nínú rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, tó kàn ń dúró kí a rí i, tètè máa ń pa nǹkan tì nígbà tí ó bá di ẹtì díẹ̀, torí wọ́n á ní bí ó bá jẹ́ tèmi ni, kò yẹ kó nira. Àwọn tó gbà pé ìfẹ́ sí nǹkan máa ń dàgbà bí a ṣe ń ṣe é máa ń dúró tì í. Nítorí náà, má ṣe jókòó máa retí ohùn. Nǹkan tó ṣòro lè jẹ́ tìrẹ o.

Nípa fífi iṣẹ́ sílẹ̀, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní 2001, Amy Wrzesniewski àti Jane Dutton kọ̀wé nípa àwọn tó ń ṣe ìmọ́tótó ní ilé ìwòsàn kan ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, ṣùgbọ́n àwọn kan ka ara wọn kún àwọn tó ń wo aláìsàn sàn: wọ́n ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, wọ́n ń tọ́ka ọ̀nà fún àlejò tó sọnù nínú ilé ńlá náà, wọ́n sì ń to àkókò iṣẹ́ wọn kí ó lè bá ti àwọn nọ́ọ̀sì mu. Kò sí ẹni tó yàn wọ́n sí i, kò sì sí ẹni tó san owó rẹ̀ fún wọn. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ wọn ju àwọn tó kàn ń gbálẹ̀ lọ. Nínú iṣẹ́ ìṣirò owó tìrẹ, ta ni ń jẹ àǹfààní rẹ̀ níkẹyìn? Bí ó bá jẹ́ pé ìwé nìkan lò ń rí láti àárọ̀ dalẹ́, tí o kò rí ojú ẹni tí ìwé náà ń ràn lọ́wọ́, kò yà mí lẹ́nu pé lẹ́tà ìgbéga kò lè dá ara rẹ̀ gbé ayọ̀ rẹ ró.

Mo fẹ́ kí o dá mi lóhùn ní tòótọ́: kí ni ohun tí o máa ń ṣe fún àwọn ènìyàn tí wọ́n fi ń padà wá bá ọ, tí ìwọ kò sì kà á sí nǹkan kan?

Òṣìṣẹ́ Ìlera dáhùn pé:

Mo gbà pẹ̀lú ohun tí àwọn tó ṣáájú mi sọ, ṣùgbọ́n apá kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà, n kò sì fẹ́ kí Aṣàròjinlẹ̀ kúrò níbí láìgbọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ mi. Ẹni tó bá gbà pé iṣẹ́ kan ni òun wá ṣe láyé, ó rọrùn láti rẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ.

J. Stuart Bunderson àti Jeffery Thompson ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 2009 lórí àwọn tó ń tọ́jú ẹranko ní àwọn ọgbà ẹranko ní Amẹ́ríkà. Púpọ̀ nínú wọn ló kàwé gboyè, owó tí wọ́n ń gbà kò sì tó nǹkan. Àwọn tó gbà pé iṣẹ́ náà ni àwọn wá ṣe láyé rí i pé ó ní ìtumọ̀ gidi, iṣẹ́ náà sì jẹ́ iyì fún wọn; àwọn náà ló ń gbà láti fi owó, àsìkò àti ìtura ara wọn sílẹ̀ nítorí rẹ̀, àwọn ọ̀gá sì lè fi ìyẹn rẹ́ wọn jẹ. Nígbà tí mo ka ìwádìí yẹn, ibi iṣẹ́ kan tí mo ti kúrò ni mo rántí. Bí ẹnìkan bá béèrè owó àfikún iṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n á ní ṣebí iṣẹ́ àánú ni a wá ṣe. Mo rí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń sùn lórí àga tàwọn ti bàtà lẹ́sẹ̀, tí wọn kò mọ ohun tó ń ṣe ọmọ wọn nílé mọ́, tí wọ́n sì ń wí pé ète àwọn ni àwọn ń lé. Inú ń bí mi títí di òní nípa rẹ̀.

Robert Vallerand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà ṣe ìyàtọ̀ kan ní 2003 tó ràn mí lọ́wọ́ láti mọ ohun tí mò ń rí. Wọ́n ní ìfẹ́ iṣẹ́ pín sí méjì: èyí tí ènìyàn yàn fúnra rẹ̀, tó lè fi sílẹ̀ nígbà tó bá yẹ kó sinmi, àti èyí tó ti di ọ̀gá lórí ẹni tó ní in, tí ẹni náà kò lè dá ọwọ́ rẹ̀ dúró kódà bó ń pa á lára. Àti ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni kejì lè ṣiṣẹ́ kan náà nínú yàrá kan náà, kí ẹnu wọn sì kún fún ọ̀rọ̀ ète bákan náà. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gba ìsinmi, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Ẹ má sì ṣe retí pé ète yóò máa mú inú yín dùn lójoojúmọ́. Roy Baumeister àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn àgbàlagbà bíi 400 ní Amẹ́ríkà léèrè nípa ayọ̀ àti nípa ìtumọ̀ ìgbésí ayé wọn, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2013. Méjèèjì sábà máa ń rìn pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n pínyà ní àwọn ibì kan: rírí ohun tí a nílò gbà so mọ́ ayọ̀, fífún ẹlòmíràn ní nǹkan sì so mọ́ ìtumọ̀, àwọn tí ìgbésí ayé wọn ní ìtumọ̀ tún ní àníyàn àti wàhálà jù. Ẹnikẹ́ni tó bá tọ́ ọmọ rí mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Àwọn òru kan wà lẹ́nu iṣẹ́ mi tí kò sí ìdùnnú kankan nínú wọn, síbẹ̀ n kò ní fi wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀.

Ohun mìíràn ni pé a ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹnu iṣẹ́ nìkan ni ète wà. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Harvard bẹ̀rẹ̀ sí tọpa ìgbésí ayé àwọn ọkùnrin kan láti ọdún 1938, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì náà àti àwọn ọmọ tálákà ní ìlú Boston, títí wọ́n fi darúgbó. Ìbáṣepọ̀ tó gún régé pẹ̀lú ẹbí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò ni wọ́n rí pé ó fara hàn jù nínú ìlera àti ayọ̀ wọn lọ́jọ́ alẹ́, ju owó àti òkìkí lọ. Ète tó bá ní kí ẹ gbàgbé àwọn tó fẹ́ràn yín, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Viktor Frankl, dókítà ọpọlọ tí wọ́n bí ní Vienna ní 1905, tí àwọn Násì, ìjọba Hitler ti Jámánì, kó lọ sí àgọ́ ìfìyàjẹni ní 1942, tí ìyàwó rẹ̀, òbí rẹ̀ méjèèjì àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sì kú sínú irú àgọ́ bẹ́ẹ̀, kọ́ni pé ọ̀nà mẹ́ta ni ìtumọ̀ ń gbà wọ ìgbésí ayé ènìyàn: nínú iṣẹ́ tí a ń ṣe, nínú ìfẹ́ tí a ní sí ẹlòmíràn tàbí ohun rere tí a rí, àti nínú bí a ṣe ń fara da ìyà tí a kò lè yẹ̀. Mo ti tọ́jú aláìsàn kan tí kò lè gbé apá tàbí ẹsẹ̀. Láràárọ̀ tí mo bá ti wọlé, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi mí ni bí ẹni tó wà ní ibùsùn kejì ṣe sun mọ́jú, nítorí pé ó ti ń tẹ́tí sí ìkọ́ rẹ̀ láti òru. Yóò sọ fún mi iye ìgbà tí ẹni náà jí, àti ìgbà tí ìkọ́ náà le jù, mo sì máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé ó wúlò fún àwọn dókítà. Kò ní ipò, kò sì lè ṣiṣẹ́, síbẹ̀ ẹ kò lè sọ fún mi pé kò ní ohun tó ń ṣe.

Aṣàròjinlẹ̀ fèsì pé:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà mi. Mo ka gbogbo rẹ̀, mo sì tún padà sí ìbéèrè tí Olùkọ́ Àgbà bi mí, torí pé òun ni kò jẹ́ kí n sinmi.

Ohun kan wà, sà. Àwọn tó ń ṣòwò kéékèèké ní àyíká mi máa ń wá bá mi pé kí n bá wọn wo ìwé owó wọn. Obìnrin kan tó ń ránṣọ wà lára wọn. Iṣẹ́ ń wọlé fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ dé òpin, owó kì í sì í kù sí i lọ́wọ́, ó ti gbà pé òun kò lóríire ni. Mo fa ìlà sáàárín ojú ewé kan nínú ìwé rẹ̀, a kọ ohun tó ń wọlé sí apá kan, a kọ ohun tó ń jáde sí apá kejì, a tò ó lẹ́yọ aṣọ kọ̀ọ̀kan: òwú, bọ́tìnnì, iná, ọjọ́ tó gbà á. Ó dákẹ́, ó ń wo ojú ewé náà, ó wá fi àbẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tọ́ka sí ìlà kan, ó ní, "Àṣé irú aṣọ yìí ni mo fi ń ṣòfò." Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó mọ̀ pé mo ti pẹ́ níbẹ̀. N kò ka èyí sí nǹkan kan rí, torí pé kò sí orúkọ ipò fún un, owó rẹ̀ kò sì wọ àpò mi.

Ìbéèrè tó kù fún mi ni pé, ṣé kí n sọ ọ́ di iṣẹ́ gidi tí n óò máa gba owó lé lórí? Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò di ohun kan náà pẹ̀lú èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀.

Olùgbaniníyànjú dáhùn pé:

Ẹ̀rù yín ní ìdí. Ní 1971, Edward Deci, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ègé kéékèèké kan tí wọ́n máa ń tò pọ̀ kí ó lè di oríṣiríṣi àwòrán, ó sì san owó fún àwọn kan nínú wọn fún èyí tí wọ́n bá tò yanjú. Nígbà tí owó náà dáwọ́ dúró, wọn kì í fi àkókò ìsinmi wọn tò ó tó bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n òun àti Richard Ryan tún ṣàlàyé nínú àwọn iṣẹ́ tó tẹ̀lé e pé owó fúnra rẹ̀ kọ́ ni ọ̀tá. Ohun mẹ́ta ni ọkàn nílò kí ìfẹ́ sí iṣẹ́ má baà kú: kí ènìyàn rí i pé òun ló yàn án, kí ó rí i pé òun ń mọ̀ ọ́n ṣe sí i, kí ó sì wà ní ìrẹ́pọ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe é fún tàbí tó ń bá a ṣe é. Owó tó bá dé bí ẹni ń paṣẹ máa ń ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Owó tí àwọn tí ẹ ń ràn lọ́wọ́ fi ń mọ iyì iṣẹ́ yín kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi owó oṣù yín sílẹ̀ níbi tó wà ná, nítorí pé kò ní jẹ́ kí ẹ máa wo ọwọ́ aránṣọ náà fún oúnjẹ yín. Ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ fún àwọn oníṣòwò wọ̀nyí, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ọjọ́ náà ni. Ẹni tó bá lè san nǹkan, kó san án. Ẹni tí kò bá lè san, kí ẹ̀yin fúnra yín pinnu iye irú wọn tí ẹ lè gbà. Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ Ìlera nípa ìsinmi, ẹ fi í sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe dúró dìgbà tó bá rẹ̀ yín. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ wo bóyá ó ṣì wù yín láti ṣí ìwé ẹni tí kò mọ oore, tí ìwé rẹ̀ kún fún ìdàrúdàpọ̀. Bí ó bá ṣì wù yín, nígbà náà la lè jọ sọ̀rọ̀ nípa fífi iṣẹ́ sílẹ̀.

Òṣìṣẹ́ Ìlera fi kún un pé:

Kí àwọn ará ilé yín mọ ọjọ́ tí ẹ yà sọ́tọ̀ náà, kí wọ́n sì ní ọjọ́ tiwọn tí oníṣòwò kankan kò ní lè gbà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Olùkọ́ Àgbà fi kún un pé:

Ọmọ mi, padà lọ sọ́dọ̀ aránṣọ yẹn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Má ṣe lọ kọ́ ọ ní nǹkan tuntun. Jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ fa ìlà sáàárín ojú ewé tó tẹ̀lé e, kí ó to ti oṣù yìí fúnra rẹ̀, kí ìwọ jókòó, kí o má fọwọ́ kan kálàmù. Ibi tí ó bá ti dúró tí kò mọ ohun tó kàn, kọ ọ́ sílẹ̀. Bí o bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wàá mọ ohun tí àwọn oníṣòwò àyíká rẹ nílò gan-an, wá sọ ọ́ fún wa níbí.